Ẹni Tó Jókòó Lódìkejì Tábìlì: Ẹ̀kọ́ Lára Mínísítà Kan ní Ilẹ̀ Sẹ́bíà

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù)

  

Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ bi wá ní ìbéèrè kan. Ẹ ní àwọn tí àwọn ọ̀gá mú wọ ọgbà ní oṣù méjì sẹ́yìn, tí wọ́n ń gbé ìwé kiri, tí wọ́n ń fi aago ka iye ìṣẹ́jú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ta ni wọ́n? Ibo ni wọ́n ti ń bọ̀, ibo ni wọ́n sì ń lọ bí wọ́n bá parí? A dá yín lóhùn pé kọnsọ́tàǹtì ni wọ́n, èyíinì ni àwọn agbaninímọ̀ràn lórí òwò. Ẹ ní orúkọ nìyẹn, kì í ṣe ìdáhùn. Òótọ́ ni ẹ sọ.

A kò lè sọ ìtàn àwọn tó wà lọ́gbà wa, nítorí a kò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n a lè mú ẹnì kan tí ìrìn àjò rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé, kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a lè mọ irú iṣẹ́ tí irú wọn ń ṣe. Orúkọ ẹni náà ni Božidar Đelić. Bí a bá fi ẹnu Yorùbá pè é, yóò dún bíi Bójídà Jẹ́lìṣì. Ó ti jẹ́ agbaninímọ̀ràn, ó ti jẹ́ mínísítà, ó ti bá báńkì ṣiṣẹ́, ó sì tún ti jẹ́ igbá-kejì olórí ìjọba. A kò wá láti bú u, a kò sì wá láti ki oríkì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ la wá kọ́.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, kí ló kàn wá kan Sẹ́bíà? Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí. Gbogbo ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Badagry kọjá ní Èkó mọ ọgbà Trade Fair. Ilé-iṣẹ́ Energoprojekt ti ìlú Belgrade ló kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1977. Belgrade ni olú-ìlú Sẹ́bíà, nígbà náà sì rèé, Sẹ́bíà jẹ́ apá kan orílẹ̀-èdè Yugosláfíà. Nítorí náà, kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ti jẹun ní Èkó rí.

Láti ọdún 1950 ni òfin Yugosláfíà ti sọ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa yan ìgbìmọ̀ tí yóò darí ilé-iṣẹ́ wọn. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ti olówó kan, pé ti àwùjọ ni. A kò sọ pé ètò náà dára tán. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà lórí oyè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì ń borí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ní ìpín nínú ẹ̀rọ tí òun ń lò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Ní ọdún 1991, Yugosláfíà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ogun dé. Ní 1992, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fòfin de òwò pẹ̀lú wọn. Ní 1993, owó wọn di bébà lásán, títí wọ́n fi tẹ owó kan tó jẹ́ dínárì 500 bílíọ̀nù, èyí tí kò lè ra ohun tí a lè pè ní nǹkan. Ní 1999, ọkọ̀ òfuurufú àjọ NATO ju bọ́ǹbù sí wọn fún ọjọ́ 78. Ẹni tó wà lórí oyè ní gbogbo àkókò yìí ni Slobodan Milošević.

Ta ló wá lé e lọ? Àwọn ará ìlú ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ipa àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Nígbà tí Milošević kọ̀ láti gbà pé òun ti fìdí rẹmi nínú ìbò oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, àwọn awakùsà èédú ní Kolubara fi irinṣẹ́ sílẹ̀. Èédú Kolubara ló ń tan iná mànàmáná bí ìdajì Sẹ́bíà. Ìjọba rán ọlọ́pàá sí wọn, àwọn ará ìlú sì ya lọ gbè wọ́n. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún náà, gbogbo ìlú dà sí Belgrade, ìjọba Milošević sì wó. Òṣìṣẹ́ wà lára àwọn tó ṣí ilẹ̀kùn. Ta ló wá gba ilẹ̀kùn náà wọlé?

Nígbà tí Zoran Đinđić di olórí ìjọba Sẹ́bíà ní oṣù kìíní ọdún 2001, ó mú Đelić ṣe mínísítà fún ètò ìnáwó. Ọmọ ọdún 35 ni. Belgrade ni wọ́n bí i sí ní 1965, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ló dàgbà sí. Ó kàwé nípa òwò ní HEC ní Paris, ó sì tún lọ kàwé ní Harvard ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó bá ọ̀jọ̀gbọ́n Jeffrey Sachs ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń gba ìjọba Pólándì àti ti Rọ́ṣíà nímọ̀ràn bí wọn yóò ṣe kúrò nínú ètò kọ́múníìsì. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí a má ṣe é díẹ̀díẹ̀: kí ìjọba yọwọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n ń ta ọjà, kí ó dín ìnáwó kù, kí ó sì ta àwọn ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ló wọ ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn McKinsey, ó sì ṣe é níbẹ̀ dé ipò alájọṣepọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, kí a sọ ohun tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tà. Kì í ta aṣọ, kì í ta irin. Ìmọ̀ràn ló ń tà. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń fẹ́ dín owó kù, tàbí tó ń fẹ́ da ẹ̀ka méjì pọ̀, yóò pè wọ́n. Wọn yóò kó ìwé owó jọ, wọn yóò wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, wọn yóò fi wé ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọn yóò sì kọ ìwé àbọ̀ tí yóò sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ẹni tó pè wọ́n ló ń san owó wọn, òun ló sì ń sọ ìbéèrè tí wọn yóò dáhùn. Bí ìbéèrè bá jẹ́ "Báwo la ṣe lè dín owó oṣù kù?", ìdáhùn kò ní jẹ́ "Ẹ ra ẹ̀rọ tuntun." Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ má ṣe bá ọmọ tí wọ́n rán wá jà. Ìbéèrè tí wọ́n fi rán an ni kí ẹ wádìí.

Ó dára. Đelić di mínísítà. Kí ló bá nílẹ̀? Àpò tó gbẹ. Gbèsè kún ọrùn, báńkì ti kú kí wọ́n tó sin ín. A gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe dáadáa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè àti àwọn àjọ tó péjọ ní Brussels ṣèlérí ìrànlọ́wọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n fi Milošević ránṣẹ́ sí ilé-ẹjọ́ ní The Hague. Ní oṣù kọkànlá, àwọn olówó èlé tí à ń pè ní Paris Club gbà láti mú ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú gbèsè tí Yugosláfíà jẹ wọ́n, ní ìpele méjì. Ẹ ó rántí pé àwọn Paris Club yìí kan náà ló dárí gbèsè bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là ji Nàìjíríà ní 2005, lẹ́yìn tí àwa náà ti gbà láti san bílíọ̀nù 12. Ọjà tó gbówó lórí ju ìlọ́po méjì lọ ní 2000 rọlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ní 2003 iye tó gùn kò tó 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe Đelić nìkan ló ṣe é, ṣùgbọ́n ó wà nídìí rẹ̀. Ìyá tó ń lọ sọ́jà ní Belgrade mọ̀ ọ́n lára.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2002, wọ́n ti báńkì mẹ́rin tó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè náà pa lọ́jọ́ kan, báńkì àpapọ̀ wọn ló sì pa àṣẹ náà. Òótọ́ ni pé gbèsè àwọn báńkì náà ju ohun ìní wọn lọ. Òótọ́ sì ni pé ó lé ní 8,000 òṣìṣẹ́ tó pàdánù iṣẹ́. Ìjọba fi ọdún mẹ́ta kún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì: ọkùnrin kúrò ní 60, ó di 63, obìnrin kúrò ní 55, ó di 58. Wọ́n ṣe Òfin Iṣẹ́ tuntun ní 2001, èyí tó mú kí ó rọrùn fún ọ̀gá láti dá òṣìṣẹ́ dúró.

Lẹ́yìn èyí ni títa ilé-iṣẹ́. Kì í ṣe Đelić ni mínísítà tó ń tà wọ́n. Aleksandar Vlahović ni, òun náà sì ti ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn Deloitte wá. Ẹ rí i pé méjì nínú àwọn àga tó ṣe pàtàkì jù nínú ìjọba kan náà, àwọn tó ti ń ta ìmọ̀ràn ló jókòó sí i. Òfin 2001 ní kí wọ́n ta apá tó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nípa tẹ́ńdà tàbí ní gbàǹjo, kí wọ́n sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìpín díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a ti ní jẹ́ ti gbogbo wọn láti ọdún 1950 wá di ti ẹni tó bá lówó lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé-iṣẹ́ méjì wò. Àkọ́kọ́ ni Sartid, ilé-iṣẹ́ irin ní Smederevo. Ní 2003, U.S. Steel ti Amẹ́ríkà rà á ní mílíọ̀nù 23 dọ́là. Fún ọdún díẹ̀, iṣẹ́ lọ dáadáa, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń kó ọjà jáde jù ní Sẹ́bíà. Nígbà tí ọjà irin wó ní Yúróòpù, U.S. Steel dá a padà fún ìjọba Sẹ́bíà ní oṣù kìíní ọdún 2012. Èló ni wọ́n gbà? Dọ́là kan péré. Òṣìṣẹ́ tó lé ní 5,000 wà nínú rẹ̀. Owó àwọn ará ìlú ni ìjọba fi gbé e ró títí ilé-iṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Ṣáínà fi rà á ní 2016, ní mílíọ̀nù 46 yúró.

Èkejì ni Jugoremedija, ilé-iṣẹ́ oògùn ní ìlú Zrenjanin. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní ṣíà tó ju ìdajì lọ. Ní 2002, ìjọba ta ìpín tirẹ̀ fún oníṣòwò kan, oníṣòwò yìí sì wá ọ̀nà títí ọwọ́ rẹ̀ fi borí nínú ilé-iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì ní ìparí 2003. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọn kò yẹ̀. Wọ́n gba ilé-ẹjọ́ lọ, ní 2007 sì ni ilé-iṣẹ́ padà sí ọwọ́ wọn. A ìbá fẹ́ kí ìtàn náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ti wọ̀ ọ́ lára, ní 2012 ó wọ ètò ìwọko gbèsè. Ìjà tí a jà lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ̀wé tán, ó máa ń le púpọ̀, kódà bí a bá borí.

Kí wá ni a rí nínú gbogbo èyí? Pé àwọn agbaninímọ̀ràn mọ ìṣirò? Bẹ́ẹ̀ ni. Pé irọ́ ni wọ́n ń pa? A kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a rí ni pé nígbà tí wọ́n ń ṣe ìṣirò, òṣìṣẹ́ wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí owó tó ń jáde, kò sí níbi tábìlì gẹ́gẹ́ bí ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà sì ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ọkùnrin náà lọ. Wọ́n pa Đinđić ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2003. Ìjọba wọn kúrò ní 2004. Đelić padà sí ilé òwò, ó bá báńkì Crédit Agricole ti Faransé ṣiṣẹ́, báńkì yìí sì ra báńkì kan ní Sẹ́bíà ní 2005. Ní 2007, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ fà á kalẹ̀ láti di olórí ìjọba. Kò bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó di igbá-kejì olórí ìjọba, ó sì ń bójú tó bí Sẹ́bíà yóò ṣe wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Òun ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ pẹ̀lú àjọ náà ní Luxembourg ní oṣù kẹrin ọdún 2008. Ní oṣù kejìlá ọdún 2009, àwọn ará Sẹ́bíà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù láìgba físà. Ẹ̀yin tí ẹ ti tò síwájú ọ́fíìsì físà rí, ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ibi tí a ń lọ gan-an la dé yìí. Đelić ṣèlérí ní gbangba pé bí Yúróòpù kò bá gba Sẹ́bíà gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tó ń bọ̀ wá wọ àjọ náà kí 2011 tó parí, òun yóò fi ipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá, àwọn olórí Yúróòpù sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, nítorí wàhálà Kosovo. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ó lè wá àwáwí, àwáwí sì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ipò sílẹ̀ nínú oṣù náà gan-an. Kò tó oṣù mẹ́ta sí i, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2012, Yúróòpù fún Sẹ́bíà ní ohun tí wọ́n ń wá. Ẹni tó gbin ọkà kò sí lórí àga nígbà tí wọ́n ń kórè.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀tọ́ fún ẹlẹ́tọ̀ọ́. A lè kọ̀ ìmọ̀ràn tí ọkùnrin yìí gbà, ṣùgbọ́n ìlérí di gbèsè, ó sì san án. Mélòó ni ẹ mọ̀ nínú àwọn aláṣẹ, tàbí nínú àwa olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pàápàá, tó dá ọjọ́, tí ọjọ́ pé, tí iṣẹ́ kò ṣe, tó sì dìde lórí àga?

Lẹ́yìn náà, Đelić wọ Lazard, ilé owó ńlá tó ń gba ìjọba àti ilé-iṣẹ́ nímọ̀ràn. Kì í ṣe òun nìkan. Dókítà Ngozi Okonjo-Iweala, tó ṣe mínísítà ètò ìnáwó wa nígbà tí Paris Club dárí gbèsè jì wá, di agbaninímọ̀ràn àgbà ní Lazard kan náà ní 2015, lẹ́yìn tó kúrò nínú ìjọba lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: àwọn tó ń jókòó lódìkejì tábìlì mọ ara wọn. Wọ́n kàwé pọ̀, wọ́n ń lò èdè kan náà, ẹni tó ń rà lónìí lè jẹ́ ẹni tó ń tà lọ́la. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí alága kan bá fẹ̀yìn tì, ìmọ̀ rẹ̀ bá a lọ sílé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa nìyẹn, ó sì ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi ń bẹ̀ yín.

Èkíní, kí ẹ̀ka wa kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá lọ́sẹ̀ yìí, kí a béèrè ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fún àwọn kọnsọ́tàǹtì wọ̀nyí. Kì í ṣe ìwé àbọ̀ nìkan. Ìbéèrè tí wọ́n ní kí wọ́n dáhùn ni a fẹ́ rí, kí wọ́n tó dáhùn rẹ̀.

Èkejì, kí a yan ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta, kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́, ó kéré tán, kí a fi owó ẹgbẹ́ rán wọn lọ kọ́ bí a ti ń ka ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́. Èyí tó bá kọ́ kí ó kọ́ ẹlòmíràn. Igbe kì í dá ìṣirò lóhùn. Ìṣirò ló ń dá ìṣirò lóhùn.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá bá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rán wá pàdé nídìí ẹ̀rọ, ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ mọ̀ pamọ́, ẹ má sì bú wọn. Ẹ sọ fún wọn ohun tí kò hàn lójú aago: ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń tún ẹ̀rọ tó ti gbó ṣe, ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń dúró de iná. Ẹ béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ tiyín náà pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Kò yẹ kí a yin àlejò fún ohun tí àwa fúnra wa kò lè ṣe. Àwa márùn-ún tí a wà nínú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ yìí ti jíròrò, ohùn wa sì ṣọ̀kan. Bí ìpàdé gbogbogbòò ìparí ọdún bá dé, tí àwọn mẹ́ta tí ẹ yàn kò bá tíì lè dúró níwájú yín kí wọ́n ka ìwé owó ilé-iṣẹ́ yìí kí ó yé yín, a ó dìde lórí àga, ẹ ó sì yan ẹlòmíràn. A kò ní wá àwáwí. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú ọjọ́ òní.